Ìyàtọ̀ tíntín tó ń di ràbàtà: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí lórí chaos, àti èsì mi

Àlàáfíà fún gbogbo yín o. Láti ìgbà tí àwọn ará ilé ti gbọ́ pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní yunifásítì ni bí ìyàtọ̀ kékeré ṣe ń dàgbà nínú nǹkan tó tẹ́ lọ rẹrẹ, bí afẹ́fẹ́, bí omi tó ń ṣàn, ìbéèrè ò tíì tán lọ́rùn mi, láti ọ̀dọ̀ àwọn àbúrò tá a jọ ń gbé ní Tanke n'Ílọrin títí dé ọ̀dọ̀ màmá mi tó ń ta èlùbọ́. Mo ti sọ ọ́ lẹ́nu títí ó ti sú mi, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí ni chaos gan-an? Ṣé ìjà ìgboro ni?

Rárá o. Èyí tí àwa ń sọ ni nǹkan tó ní òfin tó dúró gbọin, tí kò sí tẹ́tẹ́ kankan nínú ẹ̀, àmọ́ tí ìbẹ̀rẹ̀ méjì tó jọra bí ìbejì á yapa pátápátá tó bá yá. Tí ìbẹ̀rẹ̀ méjèèjì bá rí bákan náà gẹ́lẹ́, láìfi orí abẹ́rẹ́ yàtọ̀, òpin wọn á rí bákan náà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè wọn nǹkan gẹ́lẹ́ láyé yìí.

Henri Poincaré ará Faransé ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí láti bíi 1908, àmọ́ òun ò ní kọ̀ǹpútà. Edward Lorenz, onímọ̀ ojú ọjọ́ ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà, ló fojú ara ẹ̀ rí i lórí ẹ̀rọ lọ́dún 1961. Ẹ̀rọ náà ń jẹ́ Royal McBee LGP-30, ojú ọjọ́ àtọwọ́dá ni Lorenz ń fi ṣírò. Lọ́jọ́ kan ó fẹ́ tún apá kan ìṣirò náà ṣe, ló bá tẹ 0.506 síbi tó yẹ kó tẹ 0.506127, torí nọ́ńbà mẹ́ta péré ni ẹ̀rọ ń tẹ̀ sórí bébà, mẹ́fà ló sì wà nínú ikùn ẹ̀. Ó lọ mu kọfí. Ìgbà tó fi máa dé lẹ́yìn bíi wákàtí kan, ẹ̀rọ ti ṣírò bíi oṣù méjì, èsì tuntun ò sì jọ ti àkọ́kọ́ mọ́ rárá. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́ (ta ni ò ní rò bẹ́ẹ̀?), kó tó tẹjú mọ́ bébà tó wá rí i pé ìyàtọ̀ náà kàn ń di ìlọ́po méjì ní bíi ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni, títí tó fi gbé gbogbo ẹ̀ mì.

Ẹ̀gbọ́n, labalábá yẹn ńkọ́? Ṣé òótọ́ ni pé tó bá ju apá ní Brazil, ìjì á jà ní Texas?

Ìbéèrè ni Lorenz bi o, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. December 29, 1972 ló sọ ọ́ níbi ìpàdé kan ní Washington, òun gan-an kọ́ ló tiẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà lórúkọ, Philip Merilees tó ń ṣètò ìjókòó náà ló bá a fi labalábá sí i torí Lorenz ò tètè fi àkọlé ránṣẹ́. Ṣáájú ìyẹn, ẹyẹ etí òkun ni Lorenz máa ń fi ṣàpẹẹrẹ.

Ohun tó ń bí mi nínú níbẹ̀ ni bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ ọ́ bíi pé labalábá ló fọwọ́ ara ẹ̀ gbé ìjì wá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ayé méjì la fi ń wé ara wọn, ọ̀kan labalábá ju apá, èkejì kò jù ú, lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ojú ọjọ́ ayé méjèèjì ò ní bára mu mọ́. Ìjì lè jà ní ti àkọ́kọ́, ó sì lè jẹ́ pé apá tó jù yẹn ni ò jẹ́ kí ìjì jà. Ìtàn yẹn tún fo nǹkan méjì tó jẹ́ pé òun ni oúnjẹ òòjọ́ mi: ibo ni ìyàtọ̀ náà wà nígbà tó ń dàgbà, àti báwo ló ṣe ń yára rìn?

Kí ni "tó tẹ́ lọ rẹrẹ" dá yàtọ̀?

Ẹ jẹ́ ká fi òjò ṣe é. Gbogbo ará Ìlọrin ló ti rí i rí, òjò á máa rọ̀ ní Tanke bíi pé kò ní dá mọ́, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ màrúwá dé Ọjà Ọba, eruku ń sọ lálá. Afẹ́fẹ́ ojú kan àti afẹ́fẹ́ ojú kejì kì í ṣe nǹkan kan náà, kálukú ló ń ṣe tiẹ̀, ẹni tó fara kàn án nìkan ló sì ń bá sọ̀rọ̀. Afẹ́fẹ́ Tanke ò lè bá ti Jẹ́bbà sọ̀rọ̀ tààrà, àfi kó gba ọwọ́ gbogbo àwọn tó wà láàárín.

Tó bá jẹ́ nǹkan ẹyọ kan ni, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, báwo ni ìyàtọ̀ ṣe ń yára dàgbà. Tó bá tẹ́ lọ rẹrẹ, ìbéèrè di mẹ́ta: báwo ló ṣe ń yára, níbo, ọ̀nà wo ló ń gbà lọ.

Ṣé ẹ ti fojú rí i rí, àbí ìwé lẹ ti kà á?

Mo ti fojú rí i, lórí láptọ́ọ̀pù mi, lóru, tí iná ti lọ tí bátìrì sì ku díẹ̀. Ìṣirò kan wà tí Lorenz kan náà gbé jáde ní 1996, nọ́ńbà 40 ni, a tò wọ́n yíká bí àwọn ọmọ ilé kéwú tó jókòó yíká àlùfáà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba agbára kan náà lọ́wọ́ àlùfáà nígbà gbogbo, 8 ni iye ẹ̀, ó ń gbàgbé díẹ̀ nínú ohun tó mọ̀, ó sì ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹni kan níwájú ẹ̀ àti méjì lẹ́yìn ẹ̀. Gbogbo òfin náà nìyẹn, ìlà kan péré ló gbà tí ẹ bá kọ ọ́.

Mo ṣe ẹ̀dà méjì. Nínú ẹ̀dà kejì, mo fi 0.0000000001 kún nọ́ńbà ojú 20, ojú ẹyọ kan péré, mi ò fọwọ́ kan 39 tó kù. Mo wá jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa lọ, mò ń yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan tí ojú rí. Lorenz ní ká ka àsìkò ẹyọ kan nínú ìṣirò yẹn sí ọjọ́ 5, tí a bá sì kà á bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ ń di ìlọ́po méjì ní bíi ọjọ́ 2 lé díẹ̀. Kí 0.0000000001 tó di 1, ó gbọ́dọ̀ di ìlọ́po méjì nígbà bíi 33, ìyẹn bíi 70 ọjọ́. Tí ẹ bá ya á sórí bébà lásán, ìlà náà dùbúlẹ̀ gbalaja bí ẹni tó jẹ àmàlà yó fún bíi ọjọ́ 55, ẹ ó ní ó ti kú, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn ló wá dìde lójijì. Lójijì kọ́ o! Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ń dìde bákan náà, ojú wa ni ò tó o. Ìdí nìyẹn tá a fi ń ya á ní log, ìyẹn ìwọ̀n tó jẹ́ pé ìlọ́po kan náà gba ìgbésẹ̀ kan náà, torí lórí log ìlà tó ń gun òkè jẹ́jẹ́ ni ẹ máa rí. Bí ìlà yẹn ṣe ń yára gòkè sí la ń pè ní Lyapunov exponent, orúkọ Aleksandr Lyapunov ará Rọ́ṣíà tó kọ ìwé lé irú nǹkan báyìí lórí ní 1892.

Tí a bá wá wọn ìbẹ̀rẹ̀ dáadáa gan-an ńkọ́? Ṣé a ò ní mọ ọjọ́ iwájú títí láé?

Ó máa dùn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní mo tún un wọ̀n dáadáa ní ìlọ́po 1,000. 1,000 jẹ́ bíi ìlọ́po méjì lọ́nà 10 (2, 4, 8, 16, ẹ kà á lọ, 1,024 ló máa já sí). Ìlọ́po méjì 10 ní ọjọ́ 2 lé díẹ̀ jẹ́ bíi ọjọ́ 21. Ohun tí mo rí rà nìyẹn, 70 di 91. Tí mo bá tún fẹ́ ọjọ́ 21 míì, àfi kí n tún wọ̀n ọ́n dáadáa ní ìlọ́po 1,000 lórí ti àkọ́kọ́, ìyẹn mílíọ̀nù kan. Owó ń lọ ní ìlọ́po, ọjọ́ ń wọlé ní ẹyọ. Ọjà tí kò lérè nìyẹn, ìṣirò kékeré yìí sì tún ṣàánú wa, ti afẹ́fẹ́ gidi burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo máa dé bẹ̀.

Ṣé ibi gbogbo ló ti ń dàgbà lẹ́ẹ̀kan náà?

Háà, ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Rárá! Ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Ẹ gbé ìlà gígùn kan, ká ní ojú 1,000, ẹ fi ìyàtọ̀ tíntín sí gbogbo ojú, ẹ jẹ́ kó dàgbà, ẹ wá wo ibi tó wà. Ẹ ó rí i pé ó kó ara ẹ̀ jọ sójú kan tàbí méjì, ibẹ̀ ló ti sanra, àwọn tó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní nǹkan kan lọ́wọ́. Tó bá tún ṣe díẹ̀, ibi tó sanra náà á yí padà, ibòmíì á gba ipò. Kò dúró sójú kan, àmọ́ nígbàkigbà tí ẹ bá wò ó, àwọn díẹ̀ ló ń jẹ gbogbo ẹ̀.

Kí ló fà á? Ojú kọ̀ọ̀kan ń gba ìlọ́po ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ìlọ́po náà ò sì dọ́gba, ó ń lọ sókè sódò bí chaos ṣe ń ṣe é. Tí ẹ bá ya ìyàtọ̀ náà ní log lójú kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí nǹkan tó jọ orí ògiri amọ̀ tí òjò ti ń gé láti ọdún mélòó kan, ibì kan yọ gọngọ, ibì kan rì. Ògiri yẹn ń ga sí i lápapọ̀, ó sì ń rí gbágungbàgun sí i. Ẹ wá rántí pé log ni. Ojú kan tó fi 10 péré ga ju ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ lórí log àdánidá (ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po bíi 2.718), tí ẹ bá yí i padà sí nọ́ńbà gidi, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ lé ní ìlọ́po 22,000. Ìdí nìyẹn tí orí òkè kan fi ń gbé gbogbo ẹ̀ lọ.

Ibi tó wá dùn sí ni pé irú ògiri gbágungbàgun yìí, àwọn onímọ̀ físíìsì ti mọ̀ ọ́n níbòmíì tí kò jọ chaos rárá. Kardar, Parisi àti Zhang kọ ìṣirò kan ní 1986 fún ojú nǹkan tó ń ga sí i, irú èyí tí ẹ máa ń rí létí bébà tó ń jó díẹ̀díẹ̀, orúkọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la gé kúrú sí KPZ. Ní 1994, Pikovsky àti Kurths wá fi hàn pé log ìyàtọ̀ nínú chaos tó tẹ́ lọ rẹrẹ ń hùwà bíi ti KPZ. Ohun tó túmọ̀ sí lórí ìlà ni pé tí àsìkò bá di ìlọ́po 8, gbágungbàgun orí ògiri á di ìlọ́po 2, ibi tí òkè kan lè nípa dé á sì di ìlọ́po 4. Nọ́ńbà yẹn kì í yí padà, ì báà jẹ́ ìṣirò tèmi ni àbí tiyín. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i kó jáde lórí láptọ́ọ̀pù mi, mo pariwo débi tí ẹni tí a jọ ń gbé yàrá fi rò pé iná ti dé.

Ó yá, báwo ló ṣe ń yára rìn láti ojú kan sí òmíì?

Ó níye. Mo tẹnu mọ́ ọn torí àwọn tó ń sọ ìtàn labalábá máa ń sọ ọ́ bíi pé lọ́gán ni gbogbo ayé mì. Nínú ètò tó jẹ́ pé aládùúgbò nìkan ni kálukú ń bá sọ̀rọ̀, etí ìyàtọ̀ náà ní eré tó ń sá, kì í kọjá ẹ̀. Lẹ́yìn etí yẹn ìyàtọ̀ ń dàgbà, níwájú ẹ̀ ó ṣì kéré débi pé ẹ lè kà á sí òfo. Kò pọn dandan kó lọ dọ́gba sọ́tùn-ún sósì, nínú nọ́ńbà 40 tí mo tò yíká yẹn (ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìlà 40), ó fẹ́ràn apá kan ju èkejì lọ.

Deissler àti Kaneko ní 1987 wá bi ìbéèrè kan tó gbọ́n: tí mo bá ń bá ìyàtọ̀ náà rìn ní irú eré báyìí, ṣé màá rí i pé ó ń sanra àbí ó ń rù? Ẹ dúró sórí bíríjì Àsà nígbà òjò, kí ẹ fi ojú inú wo ìrumi kékeré kan tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ yín. Omi ń gbé e lọ. Ẹ̀yin tí ẹ dúró lójú kan, ẹ ó ní ó ti kú, omi abẹ́ bíríjì ti padà bó ṣe wà. Ẹni tó ń bá a sáré létí odò á ní irọ́ ni, ó ń pọ̀ sí i. Òótọ́ lẹ̀yin méjèèjì ń sọ.

Ṣé sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ní Tipper Garage wà lára ẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni, kì í ṣe òun gan-an. Kẹ̀kẹ́ kan tẹ búréèkì torí ẹni tó fẹ́ sọ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn tẹ tiẹ̀ jù ú lọ, ẹni ẹ̀yìn ìyẹn dúró pátápátá, nígbà tí ọ̀rọ̀ fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni ogún, kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ ti lọ tipẹ́. Àwọn onímọ̀ kan ní Japan dán an wò, wọ́n gbé èsì ẹ̀ jáde ní 2008, mọ́tò 22 lójú ọ̀nà roboto tó jẹ́ mítà 230, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ lójú eré kan náà. Kò pẹ́ tí ìdádúró fi ṣẹlẹ̀ fúnra ẹ̀, tó sì ń rìn padà sẹ́yìn. Ìyàtọ̀ kékeré ló dàgbà níbẹ̀, ó sì rìn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó bá dàgbà ni chaos.

Ìgbà wo ló máa ń dáwọ́ dúró?

Nígbà tó bá tó bí nǹkan fúnra ẹ̀ ṣe tó. Ìyàtọ̀ láàárín òjò àti ọ̀dá ò lè ju òjò lọ. Ẹ̀dà méjèèjì á kàn di àjèjì sí ara wọn, kálukú ń bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ ní ti afẹ́fẹ́ gidi burú jù. Báwo?

Torí pé afẹ́fẹ́ ní ńlá ní kékeré, ìjì tó fẹ̀ tó orílẹ̀-èdè, ìkùukùu òjò tó fẹ̀ tó àdúgbò, ìjì líle kékeré tó ń yí eruku níwájú ilé. Àwọn kékeré ń yára. Ìkùukùu òjò kan lè má lò tó wákàtí kan kó tó tú ká. Àṣìṣe tó bá wà nínú ti kékeré á gba ibẹ̀ lọ sí ti àgbà díẹ̀, láti ibẹ̀ lọ sí ti àgbà jù.

Lorenz ló tún ṣírò èyí ní 1969. Nínú ìdàrúdàpọ̀ omi àti afẹ́fẹ́ bí Kolmogorov, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, ṣe júwe ẹ̀, tí ẹ bá gé bí nǹkan ṣe fẹ̀ tó sí méjì, àsìkò tó fi ń yí padà á di bíi 0.63 ti tẹ́lẹ̀. Ká wá ní ti ńlá jù fún yín ní ọjọ́ 1. Tí ẹ bá wọn nǹkan títí dé ìdajì ìwọ̀n yẹn, ẹ jèrè 0.63 ọjọ́. Ẹ tún gé e sí méjì, ẹ jèrè 0.40. Lẹ́yìn náà 0.25. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ títí láé, kò ní kọjá bíi 2.7. Nínú ìlà 40 yẹn, ó kéré tán owó ń ra ọjọ́, bó tilẹ̀ wọ́n. Níbí, tí ẹ bá tiẹ̀ fi ẹ̀rọ tó ń wọn ooru sórí gbogbo ewé gbogbo igi ayé, ibì kan wà tí ẹ ò lè kọjá. Fún ojú ọjọ́ ayé wa, bíi ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn onímọ̀ máa ń pè é.

Kí ni àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí wá ń ṣe sí i?

Wọn ò sọ ẹyọ kan mọ́. Láti ìparí 1992 ni àwọn ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń ṣe ẹ̀dà púpọ̀, ECMWF ní Yúróòpù fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe 51 lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan tí wọn ò fọwọ́ kàn àti 50 tí wọ́n fi ìyàtọ̀ kékeré sí. Tí 51 yẹn bá ń lọ pa pọ̀, ọkàn wọn balẹ̀, tí wọ́n bá tètè tú ká, wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò dájú.

Ẹ ò kàn lè fi ìyàtọ̀ síbi tó bá wù yín o, torí mo ti ní ibi díẹ̀ ló ti ń sanra. Toth àti Kalnay l'Amẹ́ríkà wá ṣe ọgbọ́n kan tí mo fẹ́ràn: ẹ jẹ́ kí ẹ̀dà méjì máa lọ, ẹ yọ ọ̀kan nínú ìkejì, ẹ gé ìyàtọ̀ náà kù kó tún kéré, ẹ dá a padà, ẹ tún jẹ́ kó lọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó ń ṣa irúgbìn ni, ẹ̀yìn ìgbà díẹ̀, ìyàtọ̀ tó kù lọ́wọ́ yín ni èyí tó mọ ibi tí ó ti ń dàgbà.

Fóònù mi ní òjò ò ní rọ̀, èlùbọ́ mi rọ̀. Ta ni kí n mú?

Màmá mi ló bi mí. Ọjọ́ yẹn ó sá èlùbọ́ sórí tapólì láàárọ̀, èmi fúnra mi ni mo wo fóònù tí mo ní kó fọkàn balẹ̀, ó di nǹkan bí aago mẹ́ta, ìkùukùu kan yọ láti ìhà ìlà-oòrùn bí wọ́n ṣe máa ń yọ, kí á tó ká tapólì tán ó ti dé orí wa. Òdì kejì títì ò tutù rárá. Mo ṣàlàyé ìlà 40 fún un, mo ṣàlàyé pé ìkùukùu bẹ́ẹ̀ kéré, ó ń yára, àti pé ohun tí fóònù lè mọ̀ láàárọ̀ ni pé òjò máa rọ̀ níbì kan láàárín ìlú, kò lè mọ̀ pé orí èlùbọ́ ẹ̀ ni. Ó gbọ́ mi tán, ó ní "Ṣé ohun tí ẹ ń kọ́ láti ọdún yìí nìyẹn?"

Ó ti ra tapólì kejì báyìí, èyí tó ń fi bò ó. Láti nǹkan bí aago méjì ló máa ń wo ìlà-oòrùn fúnra ẹ̀, kò sì bèèrè lọ́wọ́ fóònù mi mọ́.